Ọkùnrin Tó Ń Pọn Omi Sínú Kànga

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan tí odò rẹ̀ jìnnà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá fẹ́ pọn omi níbẹ̀ yóò rin máìlì méjì lọ, yóò rin máìlì méjì bọ̀, kó tó lè gbé ìkòkò kaná. Ọkùnrin yìí nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ó fi ilé sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ sí Kùmásí, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ nílé, pé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti wú, pé kò rí ẹni pọn omi fún un. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òun ń bọ̀. Nígbà tó máa fi dé, ìyá ti ṣubú lójú ọ̀nà odò tòun ti ìkòkò lórí, wọ́n sì ti sin ín.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn ún jù. Ìyá Elépo, arúgbó tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tó dé. Ó gún iyán, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó jẹun. Ó jẹun. Ó wọ ilé ìyá rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀. Ó fẹ́yàwó. Ó gba Jésù gbọ́, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Àlùfáà sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ó ní àmín, ṣùgbọ́n àmín náà kò kọjá eyín. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé nǹkan kan wà tí òun gbọ́dọ̀ ṣe kí Ọlọ́run tó lè wo òun lójú.

Ó ti kọ́ṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ní Kùmásí. Ó wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò gbẹ́ kànga kan sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí obìnrin kankan má tún ṣubú lójú ọ̀nà odò mọ́. Ẹ̀jẹ́ rere ni. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní ṣàdúrà fún un.

Ibi tó ti ṣì í ṣe nìyí. Gbogbo ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kànga ló mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń gbẹ́ ẹ, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ tó lanu. Omi tí èèyàn bá bá nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, onílé ni. Èyí tó bá bá níbẹ̀ lójò, àlejò lè ni. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Kùmásí, kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí kànga ti parí kó tó di ọjọ́ ìkórè, kí òun lè dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú ohun kan lọ́wọ́. Oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ló mú dígà àti ṣọ́bìrì. Ó la ilẹ̀ pupa kọjá, ó la yangí kọjá, ó dé orí amọ̀ funfun kan níbi tó jìn tó ìdúró èèyàn mẹ́rin. Omi bò ó lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ dé kókósẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dé orúnkún. Ó ní ó parí. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹnu rẹ̀, ó kan pákó bò ó, ó fi àgádágodo tì í kí ewúrẹ́ má baà já sínú rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Lọ́jọ́ ìkórè, àlùfáà pè é síwájú. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn obìnrin jó yí kànga ká títí eruku fi sọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Olómi. Oorun tó sùn lọ́jọ́ yẹn, kò sun irú rẹ̀ rí láti Kùmásí.

Òjò dá. Ọyẹ́ dé. Omi kànga ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì bá ẹnì kankan sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ó ṣí pákó, ó ju garawa sílẹ̀, ó ń retí kó gbọ́ jàbú. Gbì ló gbọ́. Garawa jókòó sórí amọ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kó mú dígà, kó tún wọlẹ̀, kó máa gbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá tún wọlẹ̀, wọn yóò bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀, yóò sì ní láti sọ pé òun kò tíì gbẹ́ ẹ délẹ̀ nígbà tí òun gba ìyìn. Èyí kò tún wá dùn ún tó èkejì. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé omi ló kọ òun. Pé Ọlọ́run wo ọwọ́ ọmọ tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kú sójú ọ̀nà odò, ó sì ní òun kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ náà. Bí kànga yìí bá gbẹ, kò sí ohun tó kù tí òun lè fi dúró níwájú Rẹ̀.

Ó ti àgádágodo padà. Ó wọlé lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ó fi rọ́bà so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn, ó sì kọrí sódò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán gangan, tí gbogbo ayé wà lóko, ni yóò pọn omi lódò, yóò tì í wálé, yóò dà á sínú kànga, yóò tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Amọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn dára, kò jẹ́ kó rì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí àgádágodo, àwọn obìnrin yóò tò sílà, ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì gba garawa kan péré. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fà á jù kó má baà rú. Wọ́n ní ó ṣeun. Wọ́n ní Ọlọ́run á fún un lágbára sí i.

Agbára náà ló kọ́kọ́ tán. Oko rẹ̀ kò ṣán, kò jó, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń palẹ̀ ebè mọ́. Ọrùn rẹ̀ gùn jáde nínú ẹ̀wù. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tó ka ẹsẹ Bíbélì tán, ó ti sùn. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde, bí wọ́n bá sì kí i pé Bàbá Olómi, yóò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Elépo fa omi tirẹ̀, ó wo inú garawa, ó rí ẹja. Kò ju èékánná lọ, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ní tirẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọjú wò ó. Ó ní kànga Bàbá Olómi ti ń bí ẹja, kó yáa bá àwọn bí ata rodo sí i, kí àwọn lọ fi sebẹ̀. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Odò ti fà, kò ju kòtò kòtò lọ mọ́, inú àwọn kòtò náà ni ẹja sì kó ara wọn jọ sí. Ó mọ ibi tí ẹja yẹn ti wá. Ìyá Elépo kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi rẹ̀ lọ ilé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àlùfáà kéde pé nítorí kànga tí Ọlọ́run fún wọn, ìjọ méje tó wà ní agbègbè náà ti fẹnu kò sí i pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn yóò ti ṣe ìpàdé ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà kò sùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ń rò ó pé èèyàn mélòó ni ìjọ méje, pé ìgbà mélòó lójúmọ́ ni kẹ̀kẹ́ kan lè lọ odò kó tó bọ̀. Bó ti wù kó rò ó tó, kò dọ́gba.

Èyí tó wá burú nínú rẹ̀, tó tún pani lẹ́rìn-ín, ni ti ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti ń ṣọ́ ọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo lọ, ó jókòó, kò tilẹ̀ dúró kó kí i tán. "Ìyá, ọkọ mi ti ní ẹlòmíràn. Ọ̀sán gangan ló ń jáde. Bó bá dé, aṣọ rẹ̀ á ti tutù láti èjìká dé ìdí. Mo fẹ́ mọ obìnrin tó ń wẹ ọkọ ọlọ́kọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ibo ló ti rí omi?"

Ìyá Elépo rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìró nu ojú. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rántí ẹja. Ó ní kí obìnrin náà máa lọ ilé, kó se oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kó sì bu ẹran sí i, pé òun á bá a wo ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí kékeré rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi odán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi yọ lókè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Ó ń ti kẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ wálẹ̀, òógùn ń kán lára rẹ̀ bí ẹni tó jáde nínú odò. Ó ti dé ẹnu kànga kó tó gbójú sókè rí i. Ibi tí èèyàn lè fi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin pamọ́ sí lójú gbangba, kò sí.

Ìyá Elépo ní, "Àlàmú, o kú iṣẹ́. Ṣé kànga ni òùngbẹ ń gbẹ?"

Ọkùnrin náà fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe wà, kẹ̀kẹ́ sì ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ gbé e kúrò. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti amọ̀ funfun àti ti oṣù kẹfà. Ó sọ ti ìgbà mẹ́ta tí wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun fẹ́ fi kànga yìí tún nǹkan ṣe ni, Ọlọ́run sì ti gba omi Rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tó kù tí òun fẹ́ fi bẹ̀ Ẹ́.

Ìyá àgbà náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá bi í pé, "Ọjọ́ tó o ti Kùmásí dé, mo gbé iyán kalẹ̀ fún ọ. Kí lo fún mi kó o tó jẹ ẹ́?"

Ó ní òun kò fún un ní nǹkan kan.

"Kí ló dé?"

"Ìyá, ọmọ ilé ni mí. Ta ní ń ra oúnjẹ nílé baba rẹ̀?"

"O ṣeun. Ta ló wá sọ fún ọ pé Ọlọ́run ń tajà?"

Ìyá Elépo fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó ní òun ni òun gbé ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, orí itan òun ló sì wà títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó ní ìyá rẹ̀ kò gbé e ṣépè, kò sì ké lé e lórí. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé bí Àlàmú bá dé, kí òun rí i pé ó jẹun.

"Iyán tó o jẹ yẹn, ti ìyá rẹ ni. Èmi kàn gún un ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti parí lọ́jọ́ tó o fọwọ́ sínú abọ́, kó o tó mọ ibi tí wàá gbẹ́ kànga sí. Mo rò pé iyán ti sọ ọ́ fún ọ."

Ọkùnrin náà sunkún. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ irú ẹkún yẹn. Ìyá Elépo kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó sun ún tán, ó nu imú rẹ̀, ó ní kànga wá ńkọ́.

"Jẹ́ kó gbẹ."

Ó ní ìjọ méje ń bọ̀.

"Mo gbọ́. Jẹ́ kó gbẹ. Kànga tí omi wà nínú rẹ̀, ta ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ gbẹ́ ẹ? Àlàmú, omi tó ò ń pọn yìí ni kò jẹ́ kó o dé ibi tí omi wà."

Ó rò ó. Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, arúgbó tó ń fún epo ló sì ń kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó bà á lẹ́rù, ó sì sọ ọ́. Bí òun bá gbẹ́ ẹ tí kò sì sí nǹkan kan nísàlẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Elépo ní, "A jẹ́ pé gbogbo wa á jọ máa lọ sódò, bí a ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Wàá sì máa wá jẹun nílé mi."

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Ó ní kí kẹ́ẹ̀gì kan bá òun délé, nítorí òun fẹ́ fọ ìkòkò epo. Ó ní kó gbé mẹ́ta tó kù fún ìyàwó rẹ̀, kó sì tètè sọ fún un ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, kí obìnrin náà má baà lọ lu ẹni ẹlẹ́ni.

Kànga gbẹ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó dìde níwájú ìjọ. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi iyọ̀ sí i. Obìnrin tó bèèrè ata rodo lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn. Ẹnì kan wà tí kò rín. Ìyá ọlọ́mọ kan ni. Ó ní nítorí pé wọ́n ní omi kànga ni, òun kò sè é mọ́ kí òun tó fún ọmọ òun mu. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní kó dìde, pé ọmọ kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kó má dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ó ní òun kò ní dán an wò mọ́.

Àgbàlagbà kan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ní òun rí i tó ń gbẹ́ kànga lójò, ó sì yà òun lẹ́nu. Òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ariwo ìyìn ti pọ̀ jù. Ó ní dígà òun wà nílé. Ẹlòmíràn ní òun ní okùn. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ọkùnrin mẹ́fà ti dá ọjọ́ Ajé fún un.

Nígbà tó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, òun nìkan ló ń gbẹ́, òun nìkan ló ń gun òkè, tó ń fa erùpẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òun wà nísàlẹ̀, wọ́n wà lókè, bó bá ti kún garawa kan, wọn a fà á lọ. Amọ̀ náà le. Wọ́n fi ọjọ́ méjì gbẹ́ ẹ, kò sì tutù rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹnì kan lókè ní ṣé ó dájú pé kì í ṣe Kùmásí ni àwọn máa yọ sí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó yà á lẹ́nu pé òun lè rẹ́rìn-ín. Ó wo ara rẹ̀, kò rí ẹ̀rù tó máa ń bá a gbé. Bí omi wà, bí kò sí, ó mọ ibi tí òun yóò ti jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn ti gòkè díẹ̀, ó sọ dígà, dígà sì wọlé lọ wọ́ọ́ bí ẹni sọ ọ̀bẹ sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ó fà á yọ. Abẹ́ amọ̀ náà, yanrìn dúdú ni. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kàn án, ó tutù dé eegun. Kó tó sọ̀rọ̀, omi ti ń hó jáde bí ọbẹ̀ tó fẹ́ ru, ó dé kókósẹ̀, ó dé orúnkún. Ó kígbe pé kí wọ́n fa òun. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ló ya lù ú, wọ́n sì fà á bí ẹni fa ẹran. Nígbà tí orí rẹ̀ máa fi yọ, omi ti ga tó ìbàdí èèyàn nísàlẹ̀. Ṣọ́bìrì rẹ̀ kù síbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Ó jókòó sí ẹnu kànga, amọ̀ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ yìí ló gbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán kan nínú omi yẹn tí ọwọ́ yìí pọn wá. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sá fún ilé. Gbogbo ọ̀sán tó fi ń ti kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà odò, omi yìí wà lábẹ́ amọ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò bínú sí i. Àwọn obìnrin ti dé, wọ́n ń pariwo. Ìyàwó rẹ̀ bu omi àkọ́fà sínú igbá, ó dà á lé e lórí, ó ní òun ni òun á máa wẹ̀ ẹ́ báyìí.

Ìjọ méje dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n mu omi, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n sebẹ̀, omi kò yẹ̀. Láàárín ìpàdé, àlùfáà ní kí Bàbá Olómi bọ́ síwájú kí àwọn àlejò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Ìdí kànga ni wọ́n ti bá a, tó ń fa omi fún àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n ní wọ́n ń pè é nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí wọ́n dákun máa ṣe nǹkan wọn lọ, garawa òun ti dé agbedeméjì.

Ìwọ tí à ń sọ ọ́ fún, kì í ṣe ìtàn kànga nìkan lo gbọ́ yìí. Wo ara rẹ dáadáa. O ń gba ààwẹ̀, o ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, o ń bẹ aláìsàn wò, o ń fi aṣọ rẹ fún ẹni tí kò ní, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi rẹ̀ ọ́ tó báyìí? Kí ló dé tó jẹ́ pé bí wọn kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá fi ọjọ́ mẹ́ta di ojú? Odò lò ń lọ ni. O ń pọn iṣẹ́ rere wá láti ọ̀nà jíjìn, o ń dà á sínú ọkàn tó gbẹ, kí aráyé àti Ọlọ́run má baà mọ̀ pé ó gbẹ. Ọlọ́run mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ gbì. Kì í ṣe nítorí kànga ló ṣe gbà ọ́ sílé. Ó ti gbà ọ́ kó o tó mọ dígà dì mú.

Má sì gbọ́ èyí tán, kó o wá káwọ́ gbera, kó o ní omi ti wà nísàlẹ̀, kí ni tèmi. Ẹni tí kò wọlẹ̀ kò ní mu ún. Ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di bí a ti ń wí yìí: ọdọọdún ló ń wọ inú kànga lọ kó ẹrẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ okùn. Iṣẹ́ kò tán, ẹrù ló sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, kí á yọ ìgbéraga àti ìtìjú àti ẹ̀rù kúrò lójú ọ̀nà. Omi, ti Ọlọ́run ni, ọ̀fẹ́ ló sì wà.

Nítorí náà, ibi tó bá ti gbẹ lọ́kàn rẹ, jẹ́ kó gbẹ lójú Rẹ̀. Sọ ọ́ fún Un bó ṣe rí. Jókòó ná, mu omi kí òùngbẹ rẹ kọ́kọ́ rọlẹ̀. Bó o bá ti mu tẹ́rùn, dìde, kó o fà fún ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ.